Nígbà Tí Sípíkà Ọkọ̀ Dákẹ́

Ní ìdúró ni ọkùnrin náà ti ń sùn nígbà tí Rẹwáyà kọ́kọ́ rí i níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó fẹ̀yìn ti ọkọ̀ aláwọ̀ ewé kan tó ti gbó, ó ká apá mọ́ra, àgbọ̀n rẹ̀ ti já lé àyà, oòrùn ọ̀sán sì ń pa á gbá-ń-gbá. Irun orí àti ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun. Etí rẹ̀ funfun. Irun apá rẹ̀ pàápàá funfun bí òwú. Rẹwáyà rò pé arúgbó kan ni. Ó nu ọwọ́ sí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sún mọ́ ọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán, Bàbá. Ṣé kò sí nǹkan o?"

Ọkùnrin náà ta gìrì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú, funfun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n dànù bí eruku. Ìyẹ̀fun ni. Lábẹ́ ìyẹ̀fun ni ojú ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún wà, ojú tó rẹwà tó sì ti rẹ̀.

"Èmi kọ́ ni Bàbá," ó ní. "Bàbá ń bẹ nínú ọkọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ewú orí yín ló tàn mí."

"Búrẹ́dì ló hu ewú fún mi. Ibi tí mo ti ń ṣe é ni mo ti ń bọ̀ yìí, láti ìdájí." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Mo fẹ́ kí wọ́n bá mi wo rédíò ọkọ̀."

"Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ti ń bá yín sọ̀rọ̀ láti ẹ̀ẹ̀kan."

Ọkùnrin náà wá wò ó dáadáa. Ó rí obìnrin kan tó ga, tó wé gèlè kékeré mọ́rí gírígírí, wáyà pupa kan fà kọ́ ọ lọ́rùn, ìka ọwọ́ rẹ̀ sì kún fún àpá iná. Rẹwáyà, ẹni tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bí wọ́n ti ń pe bàbá rẹ̀ kí ojú bàbá náà tó di bàìbàì. Bàbá Rẹwáyà kò lè rí wáyà mọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ jókòó sílé. Orí àga gígùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló ń lo ọjọ́ rẹ̀, tí ó ń fi etí kí gbogbo ọkọ̀ tó bá wọlé.

"Kí ló ṣe rédíò?" Rẹwáyà béèrè.

"Iná rẹ̀ ń tàn, nọ́ńbà ń yí, ṣùgbọ́n kò sí ohùn. Sípíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dákẹ́ pọ̀."

Bàbá Rẹwáyà rẹ́rìn-ín láti orí àga. "Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà! Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run."

Rẹwáyà kò rẹ́rìn-ín. Láti àárọ̀, kò tíì jókòó. Ọkọ̀ tí kò lè rìn rárá kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó ni wọ́n sì ń pè é ṣáá. "Ẹ jẹ́ kó dọ̀la, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ rédíò kò le tó bẹ́ẹ̀. Àìgbọ́ orin kì í pààyàn."

Oníbúrẹ́dì kò bínú. Kò ní agbára ìbínú. Ó kàn ṣí ìlẹ̀kùn iwájú ọkọ̀, ó ní kí Rẹwáyà wo inú rẹ̀.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan jókòó síbẹ̀, ó sanra ní èjìká, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan bí ẹni pé ó ń bá ẹlòmíràn gbé e ni. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára rédíò tó ń tan iná láìsọ nǹkan kan.

"Bàbá mi ni," Oníbúrẹ́dì ní. "Dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n. Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lù wọ́n, ọ̀rọ̀ kì í jáde lẹ́nu wọn mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ omi, wọ́n á nàka sí i. Bí wọ́n bá ń bínú, wọ́n á máa sunkún. Ṣùgbọ́n bí orin bá ti dún nínú ọkọ̀ yìí, wọ́n á kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo ọ̀rọ̀ á pé, kò ní yẹ̀. Dókítà ní ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí orin ń gbà nínú ọpọlọ. Mo ti fi fóònù gbìyànjú, wọ́n gbá a dànù lọ́wọ́ mi. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti kọrin lọ́jọ́ ayé wọn, inú ọkọ̀ náà ni wọ́n ṣì fẹ́." Ó tún aṣọ èjìká bàbá rẹ̀ ṣe. "Láti ọjọ́ Àìkú ni mi ò ti gbọ́ ohùn bàbá mi."

Rẹwáyà yí padà, ó lọ mú tẹ́sítà tó fi ń wá iná nínú wáyà wá.

Ó kọ́kọ́ yẹ fíúsì wò. Fíúsì kò já. Ó tú rédíò kúrò nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, ó ń fọwọ́ tọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wáyà tí wọ́n dè mọ́ ara irin ọkọ̀ ti dípẹtà, ó fọ́ bí ewé gbígbẹ. Rẹwáyà gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, ó ha irin náà títí tó fi ń dán, ó tún wáyà dè. Kí ó tó gbé orí sókè, orin bú jáde.

Bàbá Dẹ́rẹ́bà di ojú. Ètè rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan jáde láti inú àyà rẹ̀, ohùn tó nípọn, tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gun òkè. Ó ń kọrin. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé.

Rẹwáyà lóṣòó sẹ́nu ìlẹ̀kùn, ó gbàgbé tẹ́sítà sọ́wọ́. Nígbà tó gbójú sókè wo ọmọ bàbá náà, omi ojú ti la ọ̀nà méjì kọjá nínú ìyẹ̀fun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ẹ ṣé, ọ̀gá," Oníbúrẹ́dì ní.

"Ẹ lọ sùn," Rẹwáyà dá a lóhùn. Ó fẹ́ sọ nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ bí wọ́n ti ń sọ ọ́.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ aláwọ̀ ewé náà fi padà wá. Sípíkà tún ti dákẹ́.

Ojú ti Rẹwáyà. Ó tú gbogbo ìlẹ̀kùn, ó tú ẹ̀yìn ọkọ̀, ó mú bátìrì kékeré kan, ó ń fi kan ìdí sípíkà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kan ti àkọ́kọ́: tọ́! Ó kan èkejì: tọ́! Ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin náà jẹ́ ẹ.

"Gbogbo wọn ló wà láàyè," ó ní. "Sípíkà ò kú. Ojú ọ̀nà ni nǹkan ti ń bàjẹ́, láàárín rédíò àti sípíkà."

"Ojú ọ̀nà wo?"

"Bí mo bá mọ̀ ọ́n ni, ṣé màá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀?" Ó nu òógùn. "Àìsàn rẹ̀ gbọ́n. Bí mo bá ti ń wò ó, á ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ yá. Àfi kí n bá yín gun ọkọ̀ náà."

"Ọ̀la la ń lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ń bá Bàbá na apá àti ẹsẹ̀. Ṣé ẹ lè bá wa lọ?"

Bàbá Rẹwáyà wúkọ́ lórí àga. Ikọ́ kọ́ ló ń wú u.

Bẹ́ẹ̀ ni Rẹwáyà ṣe jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ náà lọ́jọ́ kejì, wáyà lórí eékún rẹ̀, búrẹ́dì gbígbóná kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí Oníbúrẹ́dì ní òun kò mọ bó ṣe débẹ̀. Orin ń dún. Bàbá Dẹ́rẹ́bà ń kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n dé ìkóríta, orin gé, ó tún padà.

"Ẹ má fi gbogbo ara bọ́ sínú kòtò," Rẹwáyà ní.

"Kòtò ló ń bọ́ sábẹ́ mi."

"Ẹ ò sùn ni."

"Ẹ̀yin náà ò sùn. Ojú yín pupa ju wáyà ọrùn yín lọ."

Rẹwáyà fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló gbà á lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wo ojú rẹ̀ débi tí yóò mọ àwọ̀ tó ní.

Ní àgbàlá ilé ìwòsàn, Oníbúrẹ́dì ṣí ìlẹ̀kùn iwájú gbayawu kí ó lè gbé bàbá rẹ̀. Orin dákẹ́ kẹ́ẹ́.

"Ẹ dúró!" Rẹwáyà pariwo. "Ẹ pa á dé!"

Ó pa á dé. Orin dún.

"Ẹ ṣí i!"

Orin dákẹ́. Àwọn tó jókòó síbi ìgbàtọ́jú ń na ọrùn, wọ́n ń wo àwọn tó ń ṣí ìlẹ̀kùn tí wọ́n ń pa á dé bí ọmọdé. Bàbá Dẹ́rẹ́bà alára ń rẹ́rìn-ín apá kan ẹnu.

Ibẹ̀ ni Rẹwáyà ti rí i. Ní ìdí ìlẹ̀kùn, níbi tó ti so mọ́ ara ọkọ̀, rọ́bà kan wà tí wáyà méjì gbà kọjá. Nínú rọ́bà náà, ara wáyà ti bó, bàbà pupa inú rẹ̀ wà níhòòhò, wọ́n sì ń fara kan ara wọn bí ìlẹ̀kùn bá ti là gbayawu.

"Ẹ wò ó," ó ní. "Bí wáyà méjì wọ̀nyí bá ti kanra, rédíò á pa ẹnu mọ́ kó má bàa jóná. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí gbogbo sípíkà dákẹ́ nítorí ẹyọ kan. Ìlẹ̀kùn tí ẹ fi ń gbé Bàbá jáde ni. Láti ìgbà tí àìsàn ti dé, ẹ ti ṣí i ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ti rẹ ìlẹ̀kùn."

"Kì í ṣe òun nìkan," Oníbúrẹ́dì ní.

Àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò lágbára, tí kò sì fẹ́ tán.

Nígbà tí wọ́n ń bá Bàbá na ẹsẹ̀ nínú ilé, Rẹwáyà pààrọ̀ wáyà náà ní àgbàlá. Oníbúrẹ́dì bá a di rọ́bà mú. Ó sọ fún un pé òun ti fẹ́ gbé ìyàwó rí, ṣùgbọ́n nígbà tí àìsàn Bàbá dé, ọmọbìnrin náà ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ dáwọ́ àtiwá dúró. Rẹwáyà sọ fún un pé ọkùnrin kan ti sọ fún òun rí pé òun kò lè di ọwọ́ obìnrin tó ń rùn bí ẹ́ńjìnnì mú.

"Mo ń dì í mú báyìí," Oníbúrẹ́dì ní.

"Rọ́bà lẹ dì mú."

Ó sún ọwọ́ díẹ̀. "Mo ti ṣì í mú, ẹ jọ̀ọ́."

Rẹwáyà kò fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò. "O ò gbọ́n," ó ní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Láti ọjọ́ náà ni "ẹ" ti kúrò láàárín wọn.

Láti ìgbà náà, sípíkà ò dákẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ aláwọ̀ ewé ń wá sí ṣọ́ọ̀bù. Bí Oníbúrẹ́dì bá ti kúrò níbi iṣẹ́, á yà. Kò sí ibi tí àwọn méjèèjì lè jọ lọ, agbára kò sí. Àwọn olólùfẹ́ mìíràn ń rìn gbẹ̀fẹ́. Àwọn wọ̀nyí ń jókòó ni. Rẹwáyà á gbé àga kan fún un lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, òun á máa so wáyà, Oníbúrẹ́dì á máa sọ̀rọ̀ títí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò fi di ìdákúrekú, tí á sì sùn lọ. Rẹwáyà á wá aṣọ mímọ́ kan bo ojú rẹ̀ nítorí eṣinṣin.

"O ò tiẹ̀ ní ọ̀rọ̀ dídùn kan láti bá mi sọ?" Rẹwáyà bi í lọ́jọ́ kan.

"Mo ní i, olólùfẹ́ mi, ó pọ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó."

Ṣùgbọ́n ara ń fu Bàbá Rẹwáyà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí ọmọ rẹ̀ ti ń fi bàtà sí i lẹ́sẹ̀, ó ní: "Ojú mi ló fọ́, etí mi ò fọ́. Ọkùnrin yẹn, ẹrù ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ibi tí yóò sọ̀ ọ́ sí ló ń wá. Kò wá ìyàwó, ẹni tó máa bá a gbé bàbá rẹ̀ ló ń wá."

"Bàbá, ẹ ò mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ ohùn ẹni tó ti rẹ̀."

Ohun tí kò sọ jáde ni pé ẹ̀rù ń ba òun. Bí ọmọ yìí bá lọ sílé ọkọ, ta ni yóò máa fi bàtà sí òun lẹ́sẹ̀? Ó gbé ẹ̀rù náà pamọ́ sínú ọgbọ́n àgbà, Rẹwáyà sì gba ọgbọ́n náà gbọ́ díẹ̀, nítorí òun náà ti ń rò ó.

Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni Àǹtí dé. Ẹ̀gbọ́n Oníbúrẹ́dì ni, obìnrin tó ń gbé ní ìlú mìíràn, tó máa ń fi fóònù ṣe ìtọ́jú bàbá rẹ̀. Ó mú ọmọbìnrin kan dání, arẹwà, onírẹ̀lẹ̀.

"Mo ti rí ìyàwó fún ọ," Àǹtí ní, kó tó jókòó pàápàá. "Nọ́ọ̀sì ni. Ó mọ bí wọ́n ti ń yí aláìsàn lórí ibùsùn."

"Àǹtí, ẹ ṣé. Mo ti ní ẹni tí mo fẹ́."

"Ta ni?"

"Rẹwáyà."

"Rẹwáyà ọkọ̀? Ṣé ọkùnrin lo fẹ́ fẹ́ ni?"

"Obìnrin ni, Àǹtí."

"Ó dáa. Ṣé òun ló máa yí Bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́? Ṣé ìdí ẹ́ńjìnnì la ti ń kọ́ ìyẹn? Wo ara rẹ nínú dígí, àbúrò mi. O ti ń gbẹ. Bí o bá fẹ́ ẹni tí kò lè ràn ọ́ lọ́wọ́, èèyàn méjì la máa sin."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ó ti ṣiṣẹ́ láti ìdájí, Bàbá ti sunkún ní gbogbo àárọ̀, Àǹtí kò sì yé sọ̀rọ̀. Ó jáde, ó wa ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kò sì jókòó kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Fẹ́ mi," ó ní. "Àǹtí ti mú nọ́ọ̀sì kan wá, wọ́n ní òun ni kí n fẹ́. Ìwọ ni mo fẹ́. Bàbá fẹ́ràn rẹ, o sì mọwọ́ wọn. Bí o bá wà nílé, ìdajì iṣẹ́ á kúrò lọ́rùn mi, màá lè mí."

Rẹwáyà gbé ẹ̀mú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ìdajì iṣẹ́," ó ní.

"Kì í ṣe bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́—"

"Bó ṣe wà nínú rẹ lo ṣe sọ ọ́. Bàbá mi ti sọ fún mi, mo ní wọn ò mọ̀ ọ́." Ohùn rẹ̀ kò ga. Ì bá sàn fún ọkùnrin náà bó bá ga. "Lọ fẹ́ nọ́ọ̀sì. Òun ni iṣẹ́ yẹn yẹ. Èmi náà ní bàbá tí mò ń wẹ̀, tí mò ń bọ́, tí mò ń fà lọ́wọ́. Láti ìgbà tí ojú wọn ti fọ́, ẹnikẹ́ni kò bi mí rí bóyá ó rẹ̀ mí. Mo rò pé ìwọ lo máa bi mí."

Ẹyin lọ̀rọ̀, èyí ti balẹ̀, ó ti fọ́. Oníbúrẹ́dì wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e gùn. Rẹwáyà ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ń bá iṣẹ́ jà. Ó ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ kanmọ́kanmọ́, ó sì ń jẹun ní ìdúró. Bàbá Rẹwáyà, tí ì bá dunnú, kò rí ayọ̀ kankan nínú ohun tí etí rẹ̀ ń gbọ́.

Oníbúrẹ́dì náà sun búrẹ́dì jóná nínú ààrò, ọ̀gá rẹ̀ sì ní kó lọ jókòó síta. Ìta ibẹ̀ ló ti ń ro ọ̀rọ̀ Rẹwáyà. Ó ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣì, kí ó lè rí nǹkan fi gbèjà ara rẹ̀. Ó rántí àga ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó rántí aṣọ mímọ́ tó máa ń bá lójú ara rẹ̀ bó bá jí. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan gún un láyà: nínú gbogbo ọ̀sán wọ̀nyẹn, òun kò tíì rí i kí Rẹwáyà sùn rí. Òun ni ó ń sùn. Rẹwáyà ló ń ṣọ́ ọ.

Ó padà sílé, ó bá Àǹtí nínú yàrá ìgbàlejò.

"Àǹtí, àwa méjì ni Bàbá bí."

"Kí lo fẹ́ sọ?"

"Mi ò fẹ́ fi ìyàwó dí àyè tí ẹ fi sílẹ̀. Mi ò fẹ́ fi Rẹwáyà dí i, mi ò fẹ́ fi nọ́ọ̀sì dí i. Ẹ wá máa jókòó ti Bàbá ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọrin."

Ó rò pé Àǹtí yóò bínú. Àǹtí bojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Mi ò lè wo ọwọ́ wọn yẹn," ó ní. "Ọwọ́ tó ń gbé mi sókè nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo ní bí mo bá rán èèyàn wá, kò ní í jẹ́ pé mo sá."

Nọ́ọ̀sì, tó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, wúkọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, mo rò pé iṣẹ́ lẹ pè mí sí. Mo ní àfẹ́sọ́nà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà, mo ṣì fẹ́ ẹ, ní àárọ̀-àárọ̀."

Oníbúrẹ́dì fi ọwọ́ bo ojú. Kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Oníbúrẹ́dì fẹsẹ̀ rìn gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọlé. Rẹwáyà ń sá aṣọ bàbá rẹ̀ sórí okùn.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo wá jókòó ti bàbá rẹ. Àǹtí ló wà lọ́dọ̀ tèmi. Lọ sùn."

"Mi ò bẹ̀ ọ́ lọ́wẹ̀."

"Mo mọ̀. Mi ò tọrọ nǹkan kan. Bí oníbàárà bá dé, màá ní kó padà wá. Mo fẹ́ bi ọ́ tẹ́lẹ̀, mo gbàgbé. Ṣé ó rẹ̀ ọ́?"

Rẹwáyà dúró pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́. Ó fẹ́ dáhùn pé rárá. Rárá ló ti máa ń dáhùn, fún gbogbo èèyàn, láti ọjọ́ pípẹ́.

"Ó rẹ̀ mí," ó ní. "Ó rẹ̀ mí gan-an."

"Fún mi ní aṣọ yẹn."

Rẹwáyà wọ yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó sùn bí òkúta. Nígbà tó jí, oòrùn ti kọjá sí òdì kejì ilé, ẹ̀rù sì kọ́kọ́ bà á nítorí pé ilé pa rọ́rọ́. Ó jáde. Wọ́n ti fá irùngbọ̀n bàbá rẹ̀, wọ́n ti gé èékánná rẹ̀, òun àti Oníbúrẹ́dì sì ń jiyàn lórí ọkọ̀ kan tó kọjá, bóyá bátìrì rẹ̀ ló ń kú lọ.

Oníbúrẹ́dì tún wá ní Àbámẹ́ta kejì. Ó wá ní èyí tó tẹ̀ lé e. Kò mẹ́nu ba ìgbéyàwó. Nígbà tó pẹ́, Bàbá Rẹwáyà pe ọmọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Nǹkan tí mo sọ nípa ọkùnrin yìí, kì í ṣe ọgbọ́n. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní bí o bá lọ, òkùnkùn mi á di méjì."

"Ta ní máa fi yín sílẹ̀, Bàbá?"

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í béèrè kó tó wọlé."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òjò ń ṣú. Rẹwáyà bá Oníbúrẹ́dì níbi tó ti ń kó àwọn irin iṣẹ́ wọlé.

"Ṣé o ṣì ń wá ẹni tó máa gba ìdajì iṣẹ́?"

"Rárá. Àǹtí ti gba tiwọn. Nọ́ọ̀sì ń gba àárọ̀."

"Kí wá ni màá máa ṣe nílé rẹ?"

"Jókòó," ó ní. "Bí o bá fẹ́ ṣiṣẹ́, ṣe é. Bí o kò bá fẹ́, jókòó, kí n máa wò ọ́." Ó gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Mi ò lè ṣèlérí pé kò ní rẹ̀ wá. Arúgbó méjì wà nílẹ̀, iṣẹ́ wà nílẹ̀, ó máa rẹ̀ wá. Ohun tí mo lè sọ ni pé kò tún ní rẹ ìwọ nìkan mọ́."

Rẹwáyà wò ó títí. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí wọn lórí, kò sì sí ẹni tó yára nínú wọn.

"Mo gbọ́," ó ní níkẹyìn. "Mo gbà. Gbé irin yẹn wọlé kó má dípẹtà."

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà ní àárọ̀ ọjọ́ kan, láìsí ariwo púpọ̀. Bàbá Rẹwáyà wọ aṣọ tuntun, ó ti gba yàrá kan nílé Oníbúrẹ́dì, ògiri kan ló sì wà láàárín òun àti Bàbá Dẹ́rẹ́bà. Àǹtí ló ń pín omi fún àwọn àlejò. Nígbà tí gbogbo ẹnu ti gba àdúrà tán, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ pé kí ìyàwó àti ọkọ dìde, kí wọ́n jó.

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí," Rẹwáyà sọ sí ọkọ rẹ̀ létí. "Bàtà yìí há."

Oníbúrẹ́dì dìde. Àwọn èèyàn hó, wọ́n rò pé ijó dé. Ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo wọn, ó bọ́ bàtà náà lẹ́sẹ̀ ìyàwó rẹ̀, ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì. Ó fa àga tirẹ̀ sún mọ́ ọn, ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé itan ara rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ rẹ̀ tó gbóná rọra tẹ̀ wọ́n.

Àwọn èèyàn ń na ọrùn wò wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ìyá arúgbó kan tó jókòó lẹ́yìn ní, "Èyí náà dára," gbogbo èèyàn sì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Ìyàwó kò gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò.